Ajá tó wà níwájú Máàkì Bàámi

Igi ìbẹ́pẹ kan ti hù gba inú bọ́ńpà Máàkì, orí tírélà Bàámi, jáde. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù o. Ó ti ń so, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń ká a jẹ. Nígbà tí mo yọ àdá sí i ní oṣù January 2024, Màámi ní kí n fi ẹ̀sọ̀ ṣe, pé mẹ́ta ló kù lórí rẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró de ìbẹ́pẹ kí iṣẹ́ àtitún ọkọ̀ náà ṣe tó bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi nígbà náà. Nísinsìnyí tí mo ti mọ iye ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ gbà, ẹ̀rín ló ń pa mí.

Orí tírélà ni, Mack R-model, èyí tí imú rẹ̀ yọ síwájú gbọọrọ. Ẹni tó bá ti jókòó sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn rí ti mọ̀ ọ́n lójú, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ló ń fa táńkà epo, àwọn náà ló ń fa kọ̀ńténà jáde ní Àpápá. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ Mack, tó ń ṣe ọkọ̀ ní Allentown lọ́hùn-ún ní Pennsylvania nígbà náà, gbé irú rẹ̀ jáde, wọ́n sì ń ṣe é lọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà títí ó fi rẹ àwọn ẹni yẹn kó tó di tòkunbọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ́ńjìnnì tí Mack pè ní Maxidyne ló wà nínú tiwa: agbára ẹṣin 237, jíà márùn-ún péré. Bàámi máa ń fi márùn-ún yẹn yangàn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wa oríṣi mìíràn á máa ro jíà mẹ́wàá, mẹ́tàlá, bí ẹni ń ro ọkà. Tirẹ̀, á ki ẹ̀kẹta bọ̀ ọ́, á sì gun òkè lọ, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn, ipá rẹ̀ kì í tètè já: bó ń yí 2,100 láàárín ìṣẹ́jú kan, bó lọ sílẹ̀ dé 1,200, ẹrù á ṣì máa tẹ̀ lé e. Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mọ́kwà, títí wọ Kàdúná dé Kánò. Ọ̀nà yẹn ló fi rán wa níléèwé.

Ọdún 2013 ló gbé e dúró. Ọkọ̀ ò ṣàìsàn, ojú Bàámi ni. Ó ní ńṣe ni ọ̀kadà kan yọ sí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí iwin, bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Dókítà ní glọkómà ni, pé etí ojú ló ti ń kú wọnú bọ̀. Bàámi wa ọkọ̀ wálé lójú ọ̀sán, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fi ẹ̀yìn wọ àgbàlá, ó pa á, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún Màámi. Inú agolo mílíìkì ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà fún ọdún mọ́kànlá.

Àwọn tó ń ra irin àlòpatì wá títí ó fi sú wọn. Èmi gan-an fẹ́ kó tà á. Ṣùgbọ́n ní June 2023 wọ́n tú náírà sílẹ̀, orí tírélà tòkunbọ̀ sì di ohun tí ẹni bíi tèmi ń wo láti òkèèrè. Mo wá bojú wo àgbàlá, mo rí irin tó ń so ìbẹ́pẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rà ni bátìrì tuntun méjì. Mẹkáníìkì tó bá Bàámi ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, wo bátìrì, ó wò mí.

"Ta ló rán ẹ ní bátìrì?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe bátìrì la ó fi sítáàtì rẹ̀ ni?"

"Wọ́n á fi pa á ni. Gbé e lọ sínú ilé, kẹ́ ẹ fi tan iná."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tó yá. Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn fún ọdún mọ́kànlá, gbogbo ọ́ìlì tó wà lókè rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sínú àwo ìsàlẹ̀. Irin gbígbẹ ló kù, irin ń wo irin. Ríǹgì tó wà lára písítínì lè ti fi ìpẹtà lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà, ihò tí písítínì ti ń lọ sókè sódò. Omi lè ti já wọ inú ọ̀kan nínú sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, omi ò sì ṣeé tẹ̀ mọ́ra bí afẹ́fẹ́. Bí bátìrì alágbára bá yí i lójijì, nǹkan kan gbọ́dọ̀ kán. Nítorí náà ó tú nósù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fọ́n dísù sínú wọn, ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó fi àkísà dí wọn, ó sì lọ ilé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin la ò rí i.

Ọjọ́ karùn-ún, ó ki sípánà ńlá bọ ọ̀pá irin gígùn, ó fi mú iwájú ẹ́ńjìnnì. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan gbé ara lé e. Kò mira. A tún gbé ara lé e, ó sún bí ìka méjì. Mo fẹ́ tì í lọ. Ọ̀gá kígbe: "Dá a padà!" Pé ká dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, ká tún wá síwájú, ká tún dá a padà, bí ẹni ń yọ òrùka kúrò lórí ìka tó wú. Ó tó wákàtí méjì kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi bó, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé bí ọ̀pá yẹn ṣe rí lọ́wọ́ mi nígbà tó wá rọ̀.

Ọ́ìlì tí a fà jáde dúdú, kò funfun bí ògì. Ọ̀gá ní ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, omi ò wọ̀ ọ́. Ti táńkì dísù ni kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Dísù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà omi tí ìrì ń pọn sínú táńkì á lọ bà sísàlẹ̀. Ohun abẹ̀mí tíntìntín kan wá ń gbé ní ààlà àwọn méjèèjì, wọ́n ń jẹ dísù, wọ́n ń bí sí i. Ohun tó jáde láti inú táńkì wa dúdú, ó ń yọ̀, ó ń fà bí ewédú. Kẹ́ńgẹ̀ méjì là bù kó tó tán. Ní 2013 lítà dísù kò tó 200 náírà. Nígbà tí à ń wá èyí tí a ó fi ṣan táńkì, ó ti ju 1,000 lọ. Dísù tí mo fi ṣan táńkì tí mo sì dà nù, mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí, nítorí ìyàwó mi ń ka búlọ́ọ̀gù yìí.

Eku ti gé wáyà, ọmọ rìwáyà fi ọjọ́ mẹ́ta tún un ṣe. Adìyẹ ti yé sórí ìjókòó dírẹ́bà. Táyà mẹ́wàá, kò sí ọ̀kan tó wúlò. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. Tiwa tó dára jù kà 2310, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2010 ni wọ́n ṣe é. Ó ṣì ní eyín, ara rẹ̀ sì ti sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Pọ́ǹpù tó ń pín dísù fún nósù ló dẹ́rù bà mí jù. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin náà tú u lójú mi, ó fi hàn mí: dísù àtijọ́ ti gbẹ mọ́ ọ̀pá tó ń sọ iye epo tí ẹ́ńjìnnì máa mu, ó sì ti há síbi tí epo ti pọ̀ jù. Ó ní, "Ká ní ẹ sítáàtì rẹ̀ báyìí, eré ni ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá." Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kì í pa á, nítorí kò nílò iná kankan láti ṣiṣẹ́. Á máa yí sí i, á máa yí sí i, títí á fi fọ́n ara rẹ̀ ká. Ohun tó lè pa á ni pé kí èèyàn fi nǹkan dí ihò tó fi ń mí. Láti ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá ti gé pátákó kan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹnu tọ́bò, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, tó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ kan máa gbé e rìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ajá díẹ̀. Lórí imú gbogbo Máàkì ni ajá kékeré kan wà, bulldog, tó jókòó bí olóyè. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọkọ̀ Mack ìgbà náà wé ajá yìí nítorí agídí rẹ̀. Nígbà tó di 1932, Alfred Masury, olórí ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi igi gbẹ́ ajá kan. Òun ni wọ́n fi irin dà tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀. Bí ajá bá jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ẹ́ńjìnnì, jíà àti ásù (irin tó ń yí táyà) ọkọ̀ náà jẹ́ ti Mack látòkè délẹ̀. Tiwa jẹ́ wúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣí.

Mo sọ ìtàn yìí fún Ọ̀gá. Ìdílé tó ń bọ Ògún lọ́dọọdún ni wọ́n ti bí i, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Òyìnbó ò mọ ohun tó ṣe. Oúnjẹ Ògún ló gbé lérí irin yẹn. Ọkọ̀ tó ń ru ẹbọ ara rẹ̀ rìn!" Mo wá sọ fún un pé ní April 1933, Masury yìí kan náà kú nínú ọkọ̀ òfurufú ológun Akron tó já sínú òkun. Ọ̀gá dákẹ́. "Wọn ò pa ajá gidi," ló sọ. Lọ́jọ́ kejì mo rí epo pupa lẹ́nu ajá náà. Màámi, tó jẹ́ díákónì, rí i ṣáájú mi, ó sì ń wo ibòmíràn.

Ọjọ́ Sátidé kan ní May la wá sítáàtì rẹ̀. Àdúgbò ti gbọ́. Bàámi ní kí wọ́n gbé àga òun sún mọ́ táyà iwájú. Ojú rẹ̀ ti lọ tán, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló mọ̀ yàtọ̀. Ọmọ oní-pátákó dúró ti tọ́bò bí ṣọ́jà. Ọ̀gá kọ́kọ́ ní kí n di ohun tó ń dá dísù dúró mú kó má gbaná, kí n kàn yí i kí ọ́ìlì lè gun òkè. A ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹrin, ó ní kí n tú u sílẹ̀.

Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́. Èéfín funfun yọ bí ti ẹni tó ń yan àgbàdo tútù. Ẹyọ kan gbaná, ìkejì tẹ̀ lé e, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe para pọ̀ báyìí, ariwo sọ. Àwọn ọmọ ń jó. Ẹnì kan ti gbé fóònù sókè. Pátákó ò níṣẹ́ ṣe. Èmi, mo jókòó sórí ìjókòó tí adìyẹ yé sí, mò ń sunkún bí ọmọdé.

Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàámi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ pa á."

Ọ̀gá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ó gbóná díẹ̀ sí i."

"Mo ní ẹ pa á. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Mi ò gbọ́ afẹ́fẹ́."

Ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Bí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bá rọ afẹ́fẹ́ sínú àwọn táńkì rẹ̀ títí géèjì fi dé nǹkan bíi 120, ọkọ̀ á tu afẹ́fẹ́ dànù lójijì: fììsì! Gbogbo ẹni tó ti dúró ní ibùdókọ̀ mọ ohùn yẹn. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rántí pé a ò tíì gbọ́ ọ. Mo wo géèjì: 40, ó sì ń lọ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀, àdúgbò ò sì wá wò ó mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé afẹ́fẹ́ ló ń di táyà tírélà mú. Ti bíréèkì tí dírẹ́bà ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin lílọ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní síríńgì wà nínú agolo irin tó wà lẹ́yìn, agolo yẹn ni wọ́n ń pè ní ṣéńbà. Síríńgì yẹn ló ń di ọkọ̀ mú bó bá dúró. Afẹ́fẹ́ ló ń fún un pa mọ́ kí táyà tó lè yí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, tó dé nǹkan bíi 60, iná tàbí agogo á kìlọ̀. Tí dírẹ́bà bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, láàárín 45 sí 20 síríńgì á fò jáde fúnra rẹ̀, á sì di táyà ẹ̀yìn mú pinpin. Àwọn tó ṣe é rò ó dáadáa: bí ohun gbogbo bá kùnà, kí ọkọ̀ dúró.

Ohun tí wọn ò rò ni àwa. Dírẹ́bà tó ní ẹrù lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ ń jò mọ́ lọ́wọ́ ní àárín igbó, á wọ abẹ́ ọkọ̀, á fi bóòtù fún síríńgì pa kó má lè fò mọ́. Tàbí kó ká họ́ọ̀sì tó ń jò, kó fi wáyà dì í, kí afẹ́fẹ́ tó kù lè tó àwọn táyà yòókù. Ọkọ̀ á lọ. Á rìn dáadáa lójú pẹrẹsẹ. Ó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ irú ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè kí èèyàn tó mọ ohun tó ti dì.

Ọ̀gá wọ abẹ́ Máàkì ní ọjọ́ Monday. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó pè mí sápá kan, ó ní kí n wá wo nǹkan. Họ́ọ̀sì ásù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, wọ́n ti ká a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi wáyà dì í, wáyà náà ti dípẹtà. Mo ní ọmọ ọkọ̀ kan ló máa ṣe é. Bàámi ló dáhùn láti orí àga rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa.

"Èmi ni."

Ó ní ní Mọ́kwà ni, 2012, òru ni, sìmẹ́ńtì ló kó, kò sí ẹni tó ní họ́ọ̀sì. Ó ní òun fẹ́ tún un ṣe bí òun bá délé. Ó délé, ẹrù mìíràn dé. Ọ̀la, ọ̀la, títí ojú fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù mélòó kan ló fi wa ọkọ̀ yẹn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ògún ló yọ yín, Bàbá."

Bàámi ní, "Kì í ṣe èmi nìkan ló wà lójú ọ̀nà."

Mo wá rántí June 2018. Ọjọ́ 28 oṣù náà ni táńkà epo kan ṣubú ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó gbiná. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ kà ní òkú, ọkọ̀ tó jóná sì lé ní àádọ́ta. Àlàyé tí ìjọba ṣe ni pé bíréèkì rẹ̀ ló dàṣẹ́ sílẹ̀. Bàámi ń gbọ́ ìròyìn yẹn lórí rédíò, ó na ọwọ́, ó pa á, kò sì jẹun alẹ́. Mo rò pé àánú àwọn tó kú ló ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

A tú gbogbo bíréèkì. Ní ọjọ́ tí Ọ̀gá fẹ́ ṣe ti ṣéńbà, ó lé gbogbo ọmọ iṣẹ́ sẹ́yìn, nítorí síríńgì inú rẹ̀, bí wọn ò bá kọ́kọ́ fi bóòtù dè é kí wọ́n tó tú ìdérí rẹ̀, ó lè fò gé orí èèyàn. Láínì ni ohun tó ń gbo mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù kí táyà lè dúró; ìpẹtà ti so méjì mọ́ ọn, àfi òòlù. Mo lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni mo ti rí họ́ọ̀sì àti fáàfù tó dára. Láínì àkọ́kọ́ tí mo rà níbòmíràn dán lójú bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi, ó jù ú mọ́ kọnkéré, ó fọ́ bí bísíkíìtì. Ẹni tó tà á fún mi búra fún mi lójú pé ojúlówó ni, ó tilẹ̀ gbàdúrà fún mi.

Òfin tí wọ́n fi ń dán àwọn dírẹ́bà wò l'Amẹ́ríkà ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí bíréèkì sì wà ní títú, orí ọkọ̀ nìkan ò gbọ́dọ̀ pàdánù ju 2 lọ lórí géèjì láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá fa bọ́dì, 3. Mo kà á fún Bàámi látorí fóònù. Ó ní òfin yẹn dára fún àwọn tó ṣe é. Tirẹ̀ ni pé ká rọ ọ́ kún lálẹ́, ká pa á, kí n sì wá sọ iye tó kù fún òun láàárọ̀.

Òru àkọ́kọ́, kò tíì di aago mẹ́wàá tí géèjì fi dé òdo. A pààrọ̀ họ́ọ̀sì mẹ́rin. Òru kejì, 15 ló kù. A fi ọṣẹ olómi wá ibi tó ti ń hó, fáàfù kan ni, a yọ ọ́. Ó di 60. A tún rí ọ̀kan lẹ́yìn táńkì afẹ́fẹ́, ìpẹtà ti lu ú bí orí abẹ́rẹ́. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, àwọn èèyàn sì ń bi mí pé ṣebí ọkọ̀ yín ti ń dún, kí lẹ tún ń dúró dè?

Lálẹ́ àná, ó dún: fììsì! Bàámi mi orí. Mo tẹ bíréèkì títí ó fi bọ́ sí 100, kí ìṣirò lè rọrùn fún wa, mo pa á, a sùn. Ní kùtù òwúrọ̀ yìí mo gun ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, mo wò ó, mo sáré lọ bá a ní yàrá.

"Àjàní, ó kù mélòó?"

"92, Bàámi! Òru mọ́jú o!"

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀ nílẹ̀.

"Mẹ́jọ lọ síbo?"

Mo ní, "Bàámi, kò sí tírélà kan tó ń páàkì l'Ógèrè tó lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́. Mẹ́jọ lọ síbo?"

Mo mú fóònù, mo pe Ọ̀gá.